Ìtapadà Fáàfù Ínjẹ́tọ̀ Ọkọ̀ àti Ọ̀nà Láti Dín In Kù: Àlàyé fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a ti ń fi Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, tí àwa olùkọ́ èdè kì í sábà yà sí, àfi bí ọkọ̀ wa bá bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni.

Ní Challenge tàbí ní Ring Road ní Ìbàdàn, Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́. Nígbà tí kabúrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀, ẹ̀kọ́ náà kò le: ọ̀gá yóò tú u, ọmọṣẹ́ yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ínjẹ́tọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní nọ́súlù, kò rí bẹ́ẹ̀. Dídì ni wọ́n dì í pa. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni a lè fi la inú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sí, ohun tí ọmọṣẹ́ yóò mọ̀ kò ju 'ó ti bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀' lọ, ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò sì forí lé ọjà Aràròmí ní Gate láti lọ ra òmíràn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé àléébù kan ṣoṣo nínú ínjẹ́tọ̀, kí a fi hàn pé orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ ni a yá. Ìṣe ẹ̀rọ náà kò ṣàì ní ọ̀rọ̀ ní Yorùbá.

Bí Ínjẹ́tọ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ínjẹ́tọ̀ jẹ́ fáàfù kékeré tí ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Wáyà tí a wé yípo, èyí tí a ń pè ní sólẹ́nọ́ìdì, wà nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá jẹ́ kí iná bátìrì gba inú wáyà náà kọjá, wáyà yóò di òòfà, yóò sì fa ọmọ irin kan sókè. Ọmọ irin yìí ni ó gbé abẹ́rẹ́ tí ó dí ojú ihò dání. Abẹ́rẹ́ náà kò gbéra ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Epo á sì tú jáde bí ìkùukùu. Bí iná bá kú, agbára òòfà á rọ, sípíríǹgì á ti abẹ́rẹ́ padà sórí ìjókòó rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì gbé irú ètò yìí jáde lára ọkọ̀ Volkswagen 1600 ní ọdún 1967. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ínjẹ́tọ̀ sì ń wọn epo lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, yóò ṣí, yóò sì pa dé ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Kí Ni Ìtapadà?

Bí ènìyàn bá fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà yóò lu férémù, yóò sì ta padà díẹ̀ kí ó tó dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ ínjẹ́tọ̀ ń ṣe. Irin líle lu irin líle. Agbára tí ó bá wá kò rí ibi wọ̀ sí, ó sì tún gbé abẹ́rẹ́ dìde. A yan 'ìtapadà' nítorí pé 'fífò' lè jọ ohun tí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe, 'ìpadà' nìkan kò sì ní ìkọlù nínú. 'Ta' ní ìkọlù àti òjijì nínú.

Kí ni ó burú nínú rẹ̀? Epo tí ó bá jáde nígbà ìtapadà kò sí nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń kán ju kí ó tú lọ, nítorí náà kì í jóná dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Bí ínjẹ́tọ̀ bá ṣí fún ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí ìtapadà sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ẹyọ kan nínú wọn kún un, àṣìṣe náà jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, tí ínjẹ́tọ̀ sì ń ṣí fún ìdá méjì péré, ìtapadà kan náà ti di ìdá kan nínú ogún. Ibi tí epo ti kéré jù ni ìtapadà ti ń ṣe ọṣẹ́ jù. Ìkọlù àsọtúnsọ náà tún ń jẹ ìjókòó abẹ́rẹ́.

Ọ̀nà Láti Dín In Kù

Ẹnikẹ́ni lè rò pé sípíríǹgì tí ó le jù ni oògùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì líle ń mú kí abẹ́rẹ́ yára pa dé, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ó kọlu ìjókòó kíkankíkan sí i. Eré tí abẹ́rẹ́ ń sá bọ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀: bí a bá dín eré náà kù sí ìdajì, agbára ìkọlù yóò dín kù sí ìdámẹ́rin. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gbà.

(i) Wọ́n ń dín ìwúwo ohun tí ń rìn kù.

(ii) Wọ́n ń ya ọmọ irin nípa kúrò lára abẹ́rẹ́, kí ó lè yọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá jókòó, ọmọ irin á ṣì máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ìwúwo àwọn méjèèjì kò ní jùmọ̀ kọlu ìjókòó lẹ́ẹ̀kan náà.

(iii) Wọ́n ń fi epo fúnra rẹ̀ ṣe tìmùtìmù. Ẹni tí ó bá pàtẹ́wọ́ nínú omi mọ̀ pé ọwọ́ kì í yára pàdé, nítorí omi tí ó wà láàárín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọ̀nà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe ń ṣe láàárín irin méjì tí ojú wọn tẹ́jú.

(iv) Wọ́n ń fi iná ṣe bíréèkì. Ẹni tí ó ru ìkòkò amọ̀ lè yára rìn, ṣùgbọ́n kò ní jù ú sílẹ̀. Yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ìjókòó, kọ̀ǹpútà á tún tan iná fẹ́rẹ́, òòfà á sì fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí iná náà bá yá jù, fáàfù á pẹ́ kí ó tó pa dé. Bí ó bá pẹ́ jù, òun gan-an ni yóò gbé abẹ́rẹ́ dìde. Ìdí nìyí tí àwọn kọ̀ǹpútà kan fi ń ka ìyípadà iná nínú wáyà láti mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ jókòó.

Ohun Tí Ó Kan Ọmọṣẹ́ àti Olùkọ́

Mẹkáníìkì kò lè ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn kì yóò ṣàì wúlò fún un. Èkíní, yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjò àti ìtapadà. Ìjò ni kí epo máa kán nígbà tí fáàfù wà ní pípa dé. Ìtapadà máa ń wáyé lẹ́yìn ìpadé kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe ohun tí a fi etí lásán mọ̀. Èkejì, yóò mọ̀ pé ínjẹ́tọ̀ tòkunbọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì kí ìṣe wọn má jọra. Ìdènà iná àwọn kan jẹ́ ohm 2 tàbí 3, ti àwọn mìíràn jẹ́ ohm 12 sí 16. Ẹni tí kò bá fi mítà wò ó kí ó tó rọ́pò rẹ̀ lè jó kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé sólẹ́nọ́ìdì, sípíríǹgì àti ínjẹ́tọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, wọn kò sì dí àlàyé wa lọ́wọ́. Ohun tí ó gbé àlàyé náà dúró ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa: fà, tì, kọlù, ta padà, yọ̀, sọ̀, jò. Èrò wa ni pé kí olùkọ́ Yorùbá tí ó bá ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún iṣẹ́ ẹ̀rọ má ṣe lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Kí ó lọ jókòó ti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò, kí ó sì bá wọn ya èyí tí wọ́n ń lò pọ̀ sọ́tọ̀. Ọmọṣẹ́ tí ó bá mọ ìjò yàtọ̀ sí ìtapadà kò ní máa pe gbogbo àrùn ní orúkọ kan.