Orin Kan Náà, Ìrìn Méjì

Bí a bá fún akígbe méjì ní oríkì kan náà, tí èkínní kánjú kì í, tí èkejì sì fara balẹ̀ kì í, ta ni yóò sọ pé ohun kan náà ni òun gbọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti bọ́ sí ọkàn olùgbọ́ kò rí bákan náà. Èyí ni a rò nígbà tí a jókòó ti àwo orin méjì, tí a sì gbọ́ wọn tẹ̀ léra wọn. Orin kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Ọkùnrin kan náà ni ó sì tẹ píánò nínú méjèèjì.

Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, ni ó ni orin náà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1741, tí ayé sì mọ̀ sí Goldberg Variations. Orin kúkúrú kan, Aria, ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà 30 tí Bach gbà yí i padà lórí ìpìlẹ̀ kan náà, kí Aria tó tún padà wá bí arìnrìn-àjò tí ó délé. Harpsichord onípele méjì, ohun èlò olókùn tí a fi ọwọ́ ń tẹ̀, ni Bach ní lọ́kàn. Píánò ni Glenn Gould, ọmọ Toronto ní Kánádà, fi tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ ọdún 22 ni Gould ní oṣù Kẹfà ọdún 1955, nígbà tí ó ká orin náà sínú àwo fún ìgbà àkọ́kọ́ ní New York, nínú ilé kan tí ó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ní ọdún 1981, tí ó di ẹni ọdún 48, ó padà sí ilé kan náà, ó sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìrìn orin náà. Àwo ti 1955 gbà tó ìṣẹ́jú 38. Ti 1981 gbà tó 51. Apá kan ìyàtọ̀ yìí wá láti inú pé Gould tún díẹ̀ nínú àwọn orin náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìgbà kejì, ohun tí kò ṣe rárá ní ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú Aria nìkan, tí kò tún tẹ̀ nínú àwo kankan: ní 1955 kò pé ìṣẹ́jú 2; ní 1981 ó lé ní 3. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọlé bí ẹni tí ń sáré jẹ́ iṣẹ́. Àgbà náà wọlé bí ẹni tí ń wo ilé kí ó tó jókòó.

Ẹ má tíì dájọ́ pé ìwàǹwára èwe àti sùúrù àgbà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìpìlẹ̀ ohùn. G major ni gbogbo orin náà wà, àyàfi mẹ́ta: ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìkọkànlélógún àti ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí wọ́n bọ́ sí G minor. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń fi do, re, mi kọ́ ọmọ yóò mọ̀ ọ́n: bí a bá fi G ṣe do, mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ìyàtọ̀ ọkọ àti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ pe ìsọ̀kalẹ̀ ohùn ní ohun kékeré. Ojú ọjọ́ a ṣú lójijì, pàápàá nínú ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí ìbànújẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ.

Nínú orin yìí gan-an ni ìyanu wà. Ní 1955 ó sún mọ́ ìṣẹ́jú 6 ààbọ̀. Ní 1981 ó fi díẹ̀ lé ní 6. Àgbà ni ó yára ju èwe lọ! Gould fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bí òun ti tẹ̀ ẹ́ ní èwe jọ orin Chopin jù. Ohun tí ó ń wá ní 1981 ni ìlù kan ṣoṣo tí yóò so gbogbo orin náà pọ̀, gẹ́gẹ́ bí gúdúgúdú ti í di ìlù mú kí ìyáàlù tó máa sọ̀rọ̀.

Èwo nínú méjèèjì ni Bach fẹ́? Ìwé orin kò sọ. Díẹ̀ péré nínú àwọn orin 30 náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìrìn sí. Nínú ẹ̀dà tirẹ̀, tí a tó rí ní Strasbourg ní ọdún 1974, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ “adagio” sí ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí ni pé kí a rọra. Ọdún 1815 ni a gba ìwé àṣẹ fún metronome, ẹ̀rọ tí ń ka ìgbésẹ̀ orin. Bach sì ti kú láti 1750. Ní ayé tirẹ̀, irú ijó tí orin jẹ mọ́ àti ẹnu olùkọ́ ni akọrin ti ń mọ ìrìn. Ẹnu wọ̀nyẹn ti pa mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ń jiyàn títí di òní.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. A ń kọ orin àwọn baba wa sínú ìwé do, re, mi, ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwé a máa gba ohùn, kì í sì í sáàbà gba ìrìn. Nígbà tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ àgbà, ẹ ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí orin náà ń yára àti ìdí rẹ̀. Ẹ sì tún padà lọ ní ọdún mìíràn. Bí ìrìn ìgbà kejì bá yàtọ̀, ẹ má pe ọ̀kan ní irọ́. Ẹ fi méjèèjì pamọ́.

Ní ọdún 1982 ni àwo kejì Gould jáde. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ó kú, ní ẹni ọdún 50. Bí kò bá padà sídìí píánò ní 1981, ìrìn kan ṣoṣo ni à bá mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa.