Ìdí Tí Àgbàlagbà Fi Ń Wá Orúkọ fún Ohun Tí Ó Ń Ṣe É

Ní ayé òde òní, àwọn tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ ń tọ oníṣègùn lọ pé kí ó bá wọn wádìí bóyá ADHD tàbí ọ́tísìmù ni ó ń ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bèèrè pé: ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún, kí ni ó tún fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

ADHD a máa mú kí ó ṣòro fún ènìyàn láti fi ọkàn sí ohun kan pẹ́, láti fara balẹ̀, tàbí láti kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọ́tísìmù ní tirẹ̀ a máa mú kí àjọṣe àti ìbánisọ̀rọ̀ nira, kí ènìyàn rọ̀ mọ́ ìlànà kan, kí ariwo sì máa ni ín lára. Àbímọ́ni ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe wèrè. Lára àwọn ọmọdé ni Leo Kanner ti ṣe àpèjúwe ọ́tísìmù ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943. Ọmọdé ni a sì ń wò fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà kí ìmọ̀ náà tó tàn kálẹ̀ kò rí ẹni kíyè sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́bìnrin kan ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní kékeré, ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bèèrè. Ní báyìí, ó ń gbàgbé ìpàdé; ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì yẹ̀ wò kún orí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá ń pè é ní ọ̀lẹ. Òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wá àwáwí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ìdí kejì ni ìrànlọ́wọ́. Oògùn wà fún ADHD, ṣùgbọ́n dókítà ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ènìyàn. Ọ́tísìmù kò ní oògùn tí ń mú un kúrò. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ara rẹ̀ lè ṣètò iṣẹ́ àti ìsinmi rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìdí kẹta ni òfin. Òfin tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 kò gbà kí a fi ìyà jẹ ẹni tí ó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ. Ẹni tí yóò sì bèèrè ẹ̀tọ́ nílò ẹ̀rí. Ìdí kẹrin ni ọmọ: àwọn nǹkan wọ̀nyí a máa rìn nínú ìdílé, àyẹ̀wò ọmọ ni ó sì ń la ojú òbí mìíràn.

Kí ni ó dé tí ènìyàn kò fi lè sọ ara rẹ̀ lórúkọ? Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àìsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìsàn mìíràn lè jọ ADHD. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń wádìí bóyá àmì rẹ̀ ti hàn kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún 12. Ó lè bèèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, ó sì lè wo ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́.

Ìtìjú ni ìdènà ńlá. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń mú kí aláìsàn máa gbé láàrin ará abúlé nítòsí ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, kí a má baà sé wọn mọ́lé. Síbẹ̀, orúkọ Àrò ṣì jẹ́ èébú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Olùkọ́ ní ipa tirẹ̀ níbí. Ẹni tí ó kọ ‘ọ̀lẹ’ sínú ìwé èsì ọmọ ti dá ẹjọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé ọmọ náà mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n kì í parí iṣẹ́ ti fi ẹ̀rí pamọ́, èyí tí ó lè gba àgbàlagbà kan sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sí i.