Ìkọ́ṣẹ́ Láàárín Ebè Ẹ̀fọ́

Ẹni tí ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn aráàlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í retí pé ṣọ́bìrì ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé lé òun lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí. Ṣùgbọ́n nínú 200 ọjọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ a máa ya 30 sọ́tọ̀ fún ìdánrawò, wọn a fi 70 sí ìkọ́ṣẹ́ àkọ́kọ́, 100 sí ìkejì. Àkọ́kọ́ yìí ni ó sábà máa ń bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń bá ara wọn nínú ọgbà àdúgbò, níbi tí tilé-toko ti jọ ń gbin tòmátì àti ànàmọ́.

Lójú àwa tí wọ́n fi koríko gígé jẹ níyà ní ilé ẹ̀kọ́, àfi bí ẹni san owó gọbọi láti tún lọ ro oko. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kì í ṣe olólùfẹ́ òdòdó nìkan ní ń wá síbẹ̀. Dókítà lè ti rán ẹlòmíràn wá nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ìdánìkanwà. Láti ọdún 1992 ni Jenny Grut, oníṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn asásálà tí wọ́n dá lóró ní ìlú wọn ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ọ̀gbìn ní London.

Ẹni tí ó ti jókòó níwájú tábìlì òṣìṣẹ́ títí láìlanu, ẹ jẹ́ kí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ máa tu koríko nídìí ebè àlùbọ́sà. Ojú wọn wà nílẹ̀, ọwọ́ wọn dí, ọ̀rọ̀ á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí obìnrin kan bá wá sọ pé ọkọ òun ń na òun ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣèlérí pé òun yóò pa á mọ́ inú. Ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún obìnrin náà ìdí tí òun yóò fi sọ ọ́, kí ó sọ fún alábòójútó lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí kíláàsì tí ó lè kọ́ni ní ìwárìrì ọkàn ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ewu kan wà ṣá o. Àwọn ọgbà kan kò ní òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tí ó gba ìwé àṣẹ; olùkọ́ láti ìta ni yóò máa wá yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Bí olùkọ́ náà kò bá wá déédéé, akẹ́kọ̀ọ́ lè di lébìrà ọ̀fẹ́. Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa bá yín jókòó, àti iye ìgbà tí yóò máa wá.

Ẹ béèrè nípa ìgbà òtútù pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá, ebè á ṣófo, àwọn kan kò sì ní yọjú mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ orúkọ wọn ni yóò gbé fóònù, tí yóò pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.