Ọkọ ló pààrọ̀ iṣẹ́, kí ló kan owó orí ìyàwó?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ tí kì í wò ju ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé owó oṣù rẹ̀ ti ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan ní Ìkòròdú. Ọkọ fi iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ṣágámù, ó bọ́ sí òmíràn lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Oṣù yẹn gan-an ni iye tí wọ́n ń yọ nínú owó ìyàwó, tó jẹ́ tíṣà, yí padà. Ló bá di, "Bàbá Tọ́lá, àbí iṣẹ́ yín tuntun yìí ló fà á?"

Ọwọ́ Bàbá Tọ́lá mọ́. Ní Nàìjíríà, kálukú ló ń san owó orí tirẹ̀, iléeṣẹ́ ìyàwó kì í sì béèrè iye tí ọkọ ń gbà. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó wà lókè òkun ni èrò yìí ti wá. Ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya lè pa owó wọn pọ̀ sójú ìwé kan, bí ẹnì kan bá sì pààrọ̀ iṣẹ́, ó lè di dandan kí ìkejì lọ kọ fọ́ọ̀mù W-4 tuntun níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ẹni tí owó rẹ̀ kéré lè fi £1,260 nínú owó tí kò ní owó orí lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ níbí.

Òfin tuntun ló yí tìyàwó padà. Ká ní ₦250,000 ló ń gbà lóṣù, tí wọ́n sì ń yọ ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin àtijọ́, owó orí rẹ̀ á tó ₦25,800 lóṣù; ní báyìí, ₦24,500 ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò tó owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ láyé ìsinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ obìnrin àti owó orí kì í ṣe tuntun lágbègbè wa. Lọ́dún 1940, ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá lé ní £50 lọ́dún. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èrèkò, kó wọn jáde, ìjọba sì sún iye náà lọ sí £200. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ sí tọkọ láti 1918. Ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá gbé dìde lé e lórí ló mú kí Aláké Ademola Kejì fi ìlú sílẹ̀ lọ́dún 1948, tó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Nígbà tó yá, òfin fàyè gba ẹ̀dínkù ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin péré. Ìyẹn náà ti lọ. Lójú ìwé owó oṣù, bí àpọ́n ni gbogbo wa rí.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni inú ìwé ẹni tó pààrọ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ àárín ọdún. Ti ọdún ni owó orí, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́. Òfin ní ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Ìdá 15 nínú 100 ni ti ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 ni ti mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25 lórí ohun tó bá lé ní mílíọ̀nù 50. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù á wá gé gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà 12, oṣù kan, ègé kan. Oṣù tí èèyàn bá jókòó sílé, ègé oṣù náà wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a lò ó. Tirẹ̀ ṣì ni, nítorí ọdún ni òfin ń wò. Àmọ́ iléeṣẹ́ tuntun ò mọ̀ pé ègé kankan wà nílẹ̀.

Ká ní àárín ọdún ni Bàbá Tọ́lá pààrọ̀ iṣẹ́, tó gba ₦400,000 lóṣù ní Ṣágámù láti oṣù kìíní sí ìkẹfà. Wọ́n á yọ ₦48,740 lóṣù, àpapọ̀ ₦292,440. Ó jókòó sílé fún oṣù méjì. Ní oṣù kẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, ₦600,000 lóṣù, wọ́n sì ń yọ ₦81,860. Títí dé òpin ọdún, ₦327,440. Àpapọ̀ ohun tó san jẹ́ ₦619,880. Ẹ wá wo ọdún náà lódindi: ₦4,800,000 ló wọlé, bí wọ́n bá sì yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò, owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦584,880. Ó ti fi ₦35,000 lé e. Ègé oṣù méjì tó jókòó sílé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jí i. Iléeṣẹ́ méjèèjì ṣírò tiwọn bó ṣe yẹ, ó sì rọrùn kí ọkùnrin náà gbà pé owó tó pọ̀ sí i ló fa gbogbo rẹ̀.

Ohun tó dára jù ni kó mú ìwé owó oṣù tó gbà gbẹ̀yìn dání lọ síléeṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó bẹ akáǹtáǹtì pé kó ṣírò ọdún náà pọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó kọ ìṣirò ọdún náà ránṣẹ́ sí LIRS, iléeṣẹ́ agbowó orí ìpínlẹ̀ Èkó, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá, kó sì béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá ní kí wọ́n fi owó náà dín ti ọdún tuntun kù lè tètè rí ojútùú ju ẹni tó ń retí rẹ̀ ní báńkì lọ.

Ohun kan wà tó lè dí i lọ́nà. Ibi téèyàn ń gbé ló ń pinnu ìpínlẹ̀ tó ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń lọ sí Ṣágámù láràárọ̀, Èkó ló ni ín. Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, Ògùn ló ni ín. Bí iléeṣẹ́ Ṣágámù bá ṣèèṣì ń kówó rẹ̀ lọ sí Ògùn, báwo ni Èkó ṣe máa dá owó tí kò dé ọwọ́ rẹ̀ padà? Kó wò ó kó tó kúrò níbẹ̀.

Owó ilé nìkan ló lè mú kí iṣẹ́ tuntun ọkọ kan ìyàwó díẹ̀. Òfin fàyè gba kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí èèyàn san lọ́dún kúrò kí wọ́n tó ṣírò, kó má ṣáà ti kọjá ₦500,000. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦900,000, ẹ̀dínkù náà jẹ́ ₦180,000: á gba ₦32,400 là fún ọkọ tó wà ní ìpele ìdá 18, ₦27,000 fún ìyàwó tó wà ní ìdá 15. Ẹni tó sanwó ló ni ẹ̀tọ́ náà. Bí wọ́n bá jọ dá a, mo rò pé kí kálukú kọ iye tó mú sílẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu, kí rísíìtì lánlọ́ọ̀dù sì gbè é lẹ́yìn. Bí ọkọ bá sì pààrọ̀ iṣẹ́, ohun tó kọ síléeṣẹ́ àtijọ́ kò ní bá a lọ. Àfi kó tún un kọ.

Àwọn tó ti kó lọ sílé ara wọn ní Ìgbógbó tàbí Ìmọ̀tà ò rí ti owó ilé jẹ. Èlé orí owó tí èèyàn yá láti kọ́ ilé tó ń gbé ni òfin fi sílẹ̀ fún wọn. Mi ò rí ìdí tí èlé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ò fi ní wọ ibẹ̀ bí ìwé bá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn agbowó orí rò ó lọ́nà mìíràn. Ẹni tó fi àjọ kọ́lé, tí kò san èlé fún ẹnikẹ́ni, kò ní nǹkan kan láti kọ síbẹ̀.