Àlàfo Láàrin Ọmọ àti Ọmọ

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà àtijọ́, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú kì í súnmọ́ ọkọ rẹ̀ títí a ó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Oníṣègùn David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, láti ọdún 1956 sí 1961, wádìí àlàfo ọmọ bíbí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àṣà rere ni, ó sì rọrùn fún ọkùnrin tí ó ní aya púpọ̀. Ẹni tí ó ní aya kan ṣoṣo kò rí i bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn ni oògùn oníhóró wúlò, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1960.

Obìnrin a máa lo hóró kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 21, a sì dáwọ́ dúró fún ọjọ́ 7, nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ yóò dé. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, kí ó lò ó ní kété tí ó bá rántí. Àwọn kan ń wí pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Irọ́ ni, bí ó bá fi í sílẹ̀, yóò tún lè lóyún.

Síbẹ̀, kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú tí kò sì tí ì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá ti aládùúgbò rẹ̀ lò bí ẹni yá ìkòkò ọbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó ń dùn ún, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, kí ó tọ ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an.