Ọ̀rẹ́ bi ọ̀rẹ́ léèrè, ọ̀rẹ́ bínú títí dọjọ́ ikú!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìkẹ̀rẹ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Ìṣẹ̀ àti Èmùré, ẹ gbọ́ ná. Eré kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Channel 4 ní Ìlú Ọba ní January 2025, Brian and Margaret lorúkọ rẹ̀. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí orogún méjì tó ń jà. Ènìyàn méjì ló jókòó, ọ̀kan ń béèrè, èkejì ń dáhùn. Síbẹ̀ ara ẹni tó ń wò ó kò ní í balẹ̀!

Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba wọn ló ń dáhùn. Harriet Walter ló ṣe é nínú eré náà. Ọmọ onísọ́ọ̀bù ni Thatcher, bàbá rẹ̀ ń ta oúnjẹ ní Grantham, ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ yín ni. Brian Walden ló ń béèrè. Aṣòfin ẹgbẹ́ Labour ni tẹ́lẹ̀, ó fi í sílẹ̀ ní 1977, ó di oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ wọn kò pa pọ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn.

Ní October 26, 1989, Nigel Lawson, mínísítà ètò ìnáwó, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti ní kí Thatcher lé Alan Walters, agbaninímọ̀ràn rẹ̀, lọ, Thatcher kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ìyá yìí jókòó síwájú Walden. Walden bi í pé: ṣé Lawson ìbá dúró ká ní ẹ lé Walters? Thatcher yí ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Walden tún bi í. Ó tún un bi. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin gbèsè rí, ẹ mọ bí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí! Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Thatcher fi kú ní 2013. Ipò ọ̀hún náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní November 1990, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì tì í.

Kí ló kàn wá? Ó kàn wá o! Ní July 14, 2018, a dìbò gómìnà l'Ékìtì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá Ẹlẹ́kà, ọmọ Ìkẹ̀rẹ́ wa, dupò lábẹ́ PDP. Kí INEC tó kéde ohunkóhun, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyòṣe ti bọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀, ó ní Ẹlẹ́kà ti wọlé. INEC wá ka tirẹ̀: Káyọ̀dé Fáyẹmí ti APC ní 197,459, Ẹlẹ́kà ní 178,121. Ni àjọ NBC bá ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ẹ má dá òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́bi jù. Ìjọba kì í ṣe ọ̀gá Walden, àmọ́ ẹni tó ń sanwó oṣù fún ọ, báwo lo ṣe fẹ́ da ìbéèrè bò ó? Ká ní ìyá ọlọ́jà kan láti Ìkẹ̀rẹ́ ló jókòó níwájú gómìnà lọ́jọ́ náà ńkọ́? "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé èsì ìbò dà?"

Ìwọ ńkọ́, kí lo bá bi í? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa.