Ìtẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀rọ a yí ohùn padà: Iṣẹ́ tí MIDI ń ṣe fún àwọn onígìtá

Ẹni tó bá ń wo onígìtá lóde àríyá, ìka rẹ̀ ló máa ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá wa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ wọn wà.

Nílẹ̀ níwájú onígìtá òde òní, ẹ ó rí àwọn àpótí irin kéékèèké tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Pẹ́dà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ohùn gìtá ń gba inú wọn kọjá kó tó dé ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ìyẹn amplifáyà. Pẹ́dà kan wà tó ń mú kí ohùn máa dáhùn léraléra bí ìgbà tí èèyàn bá pariwo lẹ́bàá òkè. Òmíràn ń mú kó máa rú bí omi, òmíràn sì ń mú kó há, kó máa kùn bíi rédíò tí wọ́n yí sókè jù. Amplifáyà fúnra rẹ̀ sábà máa ń ní ojú ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì: ọ̀kan fún ohùn tó mọ́ tónítóní, ìkejì fún ohùn líle.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ká ní orin pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ bọ̀, tí orin wá fẹ́ gbóná. Onígìtá gbọ́dọ̀ pa pẹ́dà tó ń dáhùn, kó pa èyí tó ń rú bí omi, kó tan èyí tó ń kùn, kó sì yí amplifáyà sí ṣánẹ́ẹ̀lì kejì. Nǹkan mẹ́rin nìyẹn, ẹsẹ̀ kan ló sì lè fi ṣe é, torí èkejì ló fi dúró. Onílù kò ní dúró dè é. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, orin tó yẹ kó gbóná á rọ bí ẹ̀kọ tí kò dì, tàbí kí ariwo bẹ́ sílẹ̀ níbi tí akọrin ti ń rọra dárin. Àwọn òyìnbó tiẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ijó ni wọ́n ń jó lórí pẹ́dà.

Àwọn bàbá wa oníjùjú kò kúkú mọ wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey láàárín ọdún 1970 sí 1980, gìtá máa ń tó mẹ́ta mẹ́rin lójú agbo, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó dì mú. Èèyàn ni wọ́n fi ń yí ohùn padà, kì í ṣe súìṣì. Lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí onígìtá kan ṣoṣo ti sábà máa ń dá ru ẹrù gbogbo ohùn tó wà nínú àwo, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìlú Los Angeles, Bob Bradshaw di ìlú-mọ̀ọ́ká nídìí iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1980. Ó kó àwọn ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, ó tò wọ́n sínú àpótí ńlá lẹ́yìn onígìtá, ó wá fi pátákó súìṣì kan sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Steve Lukather ti ẹgbẹ́ Toto àti Eddie Van Halen wà lára àwọn tó ṣe é fún. Ṣùgbọ́n olówó nìwọ̀nyẹn. Ohun tó jẹ́ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ onígìtá lásán ni MIDI.

Ẹ má ṣe rò pé ohùn gìtá ló ń gba inú wáyà MIDI kọjá o. Àṣẹ ló ń gba ibẹ̀. Ẹ rántí akéde ìlú láyé àtijọ́: bó bá lu agogo, gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bó bá ní ará agboolé Jagun ni ọba ń pè, ará agboolé Jagun nìkan ni yóò dìde. Bí MIDI ṣe rí gan-an nìyẹn. Agboolé 16 ló wà lórí wáyà kan, nọ́ńbà 128 ló sì wà tí akéde lè ké sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí onígìtá bá tẹ súìṣì karùn-ún, pátákó á ké nọ́ńbà 5 sí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn bí òkè á ṣí ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ sí nọ́ńbà 5 nínú iyè rẹ̀. Èyí tí wọ́n so mọ́ amplifáyà á yí súìṣì kékeré inú rẹ̀, amplifáyà á sì bọ́ sí ṣánẹ́ẹ̀lì kejì, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ kan kò gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó gba orí wáyà kọjá.

Pẹ́dà àtijọ́ tí kò gbọ́ èdè yìí ńkọ́? Wọn kì í sọ ọ́ nù. Ẹ̀rọ kan wà tó dà bí oríta, wọ́n á to àwọn pẹ́dà sí ẹ̀bá ọ̀nà rẹ̀. Bí MIDI bá ní kí ohùn yà sọ́dọ̀ pẹ́dà kan, á yà. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, á kọjá lọ tààrà. Etí àgbà onígìtá kì í tàsé àǹfààní rẹ̀: bí wáyà àti pẹ́dà bá ti pọ̀ jù lọ́nà, ohùn tínrín inú gìtá a máa ṣègbé.

Ìtàn bí èdè yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ló wú wa lórí jù. Kí ọdún 1983 tó dé, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dùrù oníná kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ láti so ẹ̀rọ pọ̀. Ẹni tó bá ti ra ti ọ̀kan, ó di dandan kó máa ra tiẹ̀ lọ. Ikutaro Kakehashi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ti fìgbà kan rí máa tún aago ṣe kó tó dá Roland sílẹ̀ ní 1972, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà sọ̀rọ̀ ní 1981. Dave Smith ti Sequential Circuits ní Amẹ́ríkà gbọ́ sí i lẹ́nu, òun àti Chet Wood sì kọ àbá sílẹ̀ lọ́dún náà. Yamaha, Korg àti Kawai dá sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ àwọn oníṣòwò ohun èlò orin ní California, wọ́n so dùrù Prophet-600 ti Smith mọ́ Jupiter-6 ti Roland. Wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì dáhùn. Wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ lo èdè náà. Dùrù ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gìtá náà gbé e lò. Kakehashi kú ní 2017, Smith ní 2022.

Àdéhùn náà kò dí gbogbo ihò o. Nígbà tí pẹ́dà ń kéré sí i, àyè kò gba ihò ńlá oníga márùn-ún mọ́, ni wọ́n bá lo ihò kékeré bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì sétí. Kálukú wá ń to wáyà inú rẹ̀ bó ṣe wù ú, pẹ́dà méjì tí ihò wọn jọra kò sì gbọ́ ara wọn. Ọdún 2018 ni wọ́n tó fẹnu kò sórí ìlànà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní A. Àwọn tó jẹ́ B ṣì wà níta, kí ẹni tó fẹ́ ra máa bi ọlọ́jà. Àwọn ẹ̀rọ kan sì ń ka nọ́ńbà láti 0, àwọn mìíràn láti 1, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè pe 5 kí 6 jẹ́ ẹ.

Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà kò parẹ́. Ilé ló kó lọ. Onígìtá gbọ́dọ̀ jókòó, kó to ohùn orin kọ̀ọ̀kan sí nọ́ńbà rẹ̀ kí ọjọ́ òde tó pé, èyí sì lè jẹ odindi ọjọ́ kan. Kó má sì ṣe gba wáyà tó ń lọ láti amplifáyà sí lásípíkà inú ẹ̀rọ oríta yẹn kọjá láé: agbára tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti gìtá lọ fíìfíì, ó lè jó súìṣì kékeré inú rẹ̀, kó sì ba amplifáyà náà jẹ́.